Hertz, òkè Ìdáàṣà, àti kíláàsì tó di asọ̀rọ̀mágbèsì

  Láti Kpingni ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Olùkọ́ ni mí ní kọ́léèjì. PCT ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi, òun náà ni mo fi ń kọ́ni. Yorùbá kíkọ, èmi fúnra mi ni mo kọ́ ara mi. Bí àmì kan bá yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, ẹ bá mi fojú fò ó.

Ìtìjú ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Rédíò mi bàjẹ́, mo sì gbé e lọ sí Dassa, sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti pọ́tábù ṣe lẹ́bàá títì. Bí mo ṣe dé iwájú tábìlì rẹ̀, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀: «Monsieur, ẹ káàárọ̀ o.» Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni. Ojú tì mí díẹ̀, torí mo rántí ohun tí mo ṣe fún un. Nígbà tó wà ní cinquième, mo bá wáyà, bátìrì àti agolo sàdínì nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mò ń kọ́ wọn. Mo gbà á, mo sọ ọ́ nù, mo sì mú un kúnlẹ̀ títí agogo fi lù. Mo ní kó kọ́kọ́ mọ ìwé ná, kó tó máa fi wáyà ṣeré. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́. N kò ní torí mi ló ṣe lọ, àìrówó ti wà nílé wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fún un ní ìdí kankan láti dúró.

Ó tú rédíò mi, ó wò ó, ó fi irin gbígbóná kan ibì kan, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 15. Mo fẹ́ sanwó, ó kọ̀. Ó ní: «Monsieur, ẹ má sanwó, ìbéèrè kan ni mo ní. Bí mo bá gun alùpùpù lọ sí ẹ̀yìn òkè, FM á dákẹ́. Bí mo bá gun orí àpáta, á tún máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n rédíò àtijọ́ tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ ìlú òkèèrè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á?»

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ Faransé ló tú jáde: «diffraction», «longueur d'onde», «ondes hertziennes». Ó wò mí. Ó ní: «Ẹ sọ ọ́ ní tiwa, Monsieur.» N kò rí i sọ. Ọdún 18 ni mo ti ń kọ́ ọ, mo mọ ọ́n kà bíi kátẹ́kísímù, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ ní èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi. Ó wá fi ìka kan ibi tí wọ́n kọ «MHz» sí lára rédíò, ó ní: «Hertz yìí ńkọ́, kí ni?» Mo ní ìwọ̀n ni, bíi mítà àti kílò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́: «Èmi rò pé orúkọ èèyàn ni.»

Orúkọ èèyàn ni lóòótọ́. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò sọ fún kíláàsì kankan rí. Mo padà sí Kpingni, mo wá ìtàn ọkùnrin náà kà. Mo rí i pé bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ó ṣeé ṣe kí n ti sọ wáyà tirẹ̀ náà nù.

Heinrich Hertz ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Hamburg ní Jámánì ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1857. Agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀, ebi kò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé. Ó kọ́ iṣẹ́ igi, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ igi àti irin kó rí roboto, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ nílé. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gbọ́ pé ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ńṣe ló kẹ́dùn, ó ní oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ló sọnù yẹn. Ẹ rò ó wò o. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí ọmọ bá fi ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ni a máa ń sọ pé ó ti sọnù.

Ó lọ sí Berlin, ó kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Helmholtz, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ ayé ìgbà náà. Ní 1880 ó gba oyè dókítà, kò tíì pé ọmọ ọdún 24. Ìbéèrè ńlá kan wà nílẹ̀ lásìkò yẹn. Maxwell, ọmọ Scotland, ti fi ìṣirò sọ ọ́ ní 1865 pé bí iná mànàmáná àti agbára òòfà bá ń mì, ìgbì á jáde lára wọn, ìgbì náà á máa sáré bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré, àti pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, irú ìgbì bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣirò rẹ̀ gún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì ṣe ìgbì náà kó sì fi han ojú. Maxwell kú ní 1879 láì rí i. Lọ́dún 1879 yẹn kan náà ni Helmholtz rọ Hertz pé kó gbé apá kan nínú ìbéèrè náà yẹ̀ wò. Hertz rò ó, ó rí i pé agbára òun kò tíì ká a, ó sì fi í sílẹ̀. Kò gbàgbé rẹ̀ ṣá.

Ní 1885 wọ́n fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Karlsruhe. Ibí yìí gan-an ni ìtàn náà ti mú mi lọ́kàn. Lọ́dún 1886, nínú àwọn irinṣẹ́ ìkọ́ni tó bá nílé-ẹ̀kọ́ náà, ó rí wáyà méjì tí wọ́n ká bí ìgbín. Bí ó ṣe ń fi wọ́n dánra wò fún ẹ̀kọ́, ó rí i pé bí iná bá ta pàrà níbi wáyà kan, iná tín-ń-tín á ta níbi ìkejì, bẹ́ẹ̀ wọn kò so mọ́ra. Olùkọ́ míì ì bá ní «ó dáa», kó kó wọn padà sí àpótí. Hertz dúró, ó ní: kí ló gbé iná yẹn dé ibẹ̀?

Ó wá ṣe tirẹ̀. Wáyà bàbà kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, àlàfo kékeré láàrin wọn. Ó rán iná alágbára sí i, iná ń ta pàrà nínú àlàfo náà. Èyí ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ńkọ́? Wáyà bàbà kan ṣoṣo ni, tó tẹ̀ bí òrùka, tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé tán. Kò sí bátìrì lára rẹ̀, kò so mọ́ nǹkankan. Bí ìgbì bá dé ara òrùka náà, iná kékeré á ta níbi ẹnu rẹ̀. Iná náà kéré débi pé inú òkùnkùn ló ní láti jókòó kó tó lè rí i. Òrùka wáyà yìí ni rédíò àkọ́kọ́ tó gba ìgbì Maxwell tí ẹni tó ṣe é sì mọ ohun tó gbà.

Láàrin 1887 sí 1888, ó dán ìgbì náà wò bí ẹni ń dán ẹ̀rí ẹlẹ́rìí wò. Ó gbé páànù síńkì ńlá kọ́ sára ògiri, ìgbì lù ú, ó padà wá pàdé èyí tó ń bọ̀. Ó gbé òrùka rẹ̀ kiri inú gbọ̀ngàn, ó rí ibi tí iná ti ń ta dáadáa àti ibi tí kò ti ta rárá, ó wọn àárín wọn, ó sì mọ gígùn ìgbì. Ó tẹ páànù bí àwòjíjìn, ó fi kó ìgbì jọ bí dígí ṣe ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ó da ọ̀dà sínú àpótí onígun mẹ́ta ńlá kan tó wúwo ju kílò 500 lọ, ó rán ìgbì gba inú rẹ̀, ìgbì náà sì tẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú gíláàsì. Ó ti ìlẹ̀kùn onígi, ìgbì gba inú igi kọjá. Nígbà tó parí, kò sí iyèméjì mọ́. Ohun tí Maxwell fi ìṣirò sọ, Hertz fi wáyà, páànù àti ọ̀dà hàn án.

Nígbà iṣẹ́ yìí kan náà, ó ṣàkíyèsí pé bí ìmọ́lẹ̀ iná àkọ́kọ́ bá tàn sára òrùka náà, iná òrùka á ta pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju bí wọ́n bá dí i lójú lọ. Kò mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé e pamọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887. Ní 1905, ọmọ Jámánì míì, Einstein, ló ṣàlàyé rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ń fi agbára rẹ̀ fún irin ní wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́. Àlàyé yẹn ni wọ́n dárúkọ nígbà tí wọ́n fún Einstein ní ẹ̀bùn Nobel ti 1921. Páànù sólà tó wà lórí òrùlé wa lónìí, ẹbí ìmọ̀ yẹn ló ti wá.

Hertz kò pẹ́ láyé. Ní 1889 ó lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bonn. Àìsàn mú un, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, kò san. Ó kú lọ́jọ́ kìíní ọdún 1894, ọmọ ọdún 36. Ó fi ìyàwó àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò rò pé ìgbì rẹ̀ á wúlò fún gbígbé ọ̀rọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, Marconi béèrè fún ìwé àṣẹ fún tẹligíráàfù aláìní-wáyà ní England, ní 1901 ìgbì sì ti la Òkun Àtìláńtíìkì já. Ọdún 1930 ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láàrin àwọn onímọ̀ iná mànàmáná pé «hertz» ni a ó máa pe kí nǹkan mì lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó wá ku èyí tó dunni. Láìpẹ́ sígbà náà, ìjọba Hitler dé. Torí pé àwọn Júù ni ìran bàbá Hertz, wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn ìlú Hamburg, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ní láti sá lọ sí England. Rédíò tí ìjọba yẹn fi ń pariwo lójoojúmọ́, ìgbì Hertz ló ń gbé e.

Ẹnìkan lè ní: Monsieur, ìtàn òyìnbó nìyẹn, kí ló kàn wá? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Atakpamé.

Gbogbo yín mọ̀ pé ní Atakpamé, ní Togo, ọmọ Yorùbá bíi tiwa wà níbẹ̀, àwọn Ifẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Àná. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí, kò tó kìlómítà 150. Lẹ́bàá Atakpamé, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Kamina. Àwọn ará Jámánì ló ni Togo nígbà náà. Láti 1911, ilé-iṣẹ́ Telefunken bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó tẹligíráàfù aláìní-wáyà sí Kamina, ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù ní gbogbo Áfíríkà. Wọ́n gbé àwọn òpó irin ró, àwọn míì ga tó mítà 120. Ẹ fojú inú wo òpó bẹ́ẹ̀ láàrin oko iṣu. Láti ibẹ̀, ìgbì ń lọ sí Nauen lẹ́bàá Berlin, bíi kìlómítà 5,000. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà, wọ́n ru ẹrù, wọ́n po sìmẹ́ńtì.

Ogun àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Kamina ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀, torí òun ni Jámánì fi ń bá àwọn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè láti Lomé. Àwọn Faransé kó ọmọ ogun wọlé láti Dahomey, ilẹ̀ tiwa yìí, ọ̀wọ́ kan nínú wọn gba Tchetti, ní ìhà Savalou níbí. Lóru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn ará Jámánì fúnra wọn wó òpó wọ̀nyẹn lulẹ̀, wọ́n sì run ẹ̀rọ inú ibùdó náà. Lọ́jọ́ 26, wọ́n túúbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta parí lóru ọjọ́ kan.

Ẹ wo ohun tó ń dùn mí níbẹ̀. Kò tíì pé ọdún 30 tí Hertz rí iná kékeré nínú òkùnkùn ní Karlsruhe tí ìgbì yẹn fi dé àárín àwọn èèyàn wa. Ó dé tòun ti òpó irin àti ogun. Àwọn baba wa ru irin rẹ̀ lórí, àwọn míì gbé ìbọn nítorí rẹ̀, wọ́n sì kú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó jókòó tì wọ́n kó sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń rù. N kò bá Hertz wí, ó ti kú ní ọdún 20 ṣáájú. Ìmọ̀ kò lẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó ń rù, alárù ni yóò máa jẹ́.

Ìbéèrè mi rèé: lónìí tí pọ́tábù wà lápò gbogbo wa, ṣé a ti kúrò nípò alárù? Òpó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló wà lórí àwọn òkè wa báyìí. Ọmọ wa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn lóru, ó ń bu epo sí ẹ̀rọ wọn, ó ń ta káàdì wọn. Èyí kò burú, oúnjẹ ń tibẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tó ń jáde lára òpó náà, ibòmíì ló ti ń wá.

Ẹ̀bi ta ni? N kò ní ju òkúta sọ́jà kí n tó ju ọ̀kan sí ara mi. Ẹ mọ orúkọ tí àwọn àgbà sọ rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Kíláàsì mi ti di asọ̀rọ̀mágbèsì. Mo dúró níwájú, mo ń sọ Faransé, mo ń kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ 60 ń dà á kọ. Wọ́n há a sórí, wọ́n pọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ ìdánwò, ó tán. Ẹni tó bá gbé wáyà wá, mo gba wáyà rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ní Ìdáàṣà, mo ní «en français». Mo ya ọwọ́ kúrò lára orí, mo tún ya orí kúrò lára ahọ́n. Ọwọ́ lọ sí ìdí tábìlì ẹ̀bá títì, orí lọ sí Cotonou lọ wá iṣẹ́ ìjọba, ahọ́n wà nílé pẹ̀lú ìyá àgbà. Lára Hertz, orí àti ọwọ́ kò yà, èdè ìyá rẹ̀ ló sì fi ronú.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti dá mi lóhùn lórí èyí, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jẹ́ òmùgọ̀. Wọ́n ní Faransé ni BEPC, Faransé ni BAC, bí o bá fi Yorùbá kọ́ wọn, o ti pa wọ́n. Òótọ́ ni pé Faransé ni ìdánwò. N kò sọ pé ká lé Faransé jáde. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ rí nǹkan, kó fọwọ́ kàn án, kó sọ ọ́ ní èdè rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá gba orúkọ rẹ̀ ní Faransé. Ẹni tó ti mọ ewúrẹ́, kò ṣòro fún un láti mọ̀ pé «chèvre» ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò rí ewúrẹ́ rí, «chèvre» á kàn jẹ́ ariwo létí rẹ̀.

Wọ́n tún ní: kò sí irinṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ wa kò ní ilé àyẹ̀wò. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí ìjọba gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irinṣẹ́ Hertz: òrùka wáyà. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ojú tì mí ní Dassa, mo dán nǹkan mẹ́ta wò pẹ̀lú àwọn ọmọ, owó tó jáde lápò mi kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán.

Èkíní, okùn. A so okùn gígùn mọ́ igi máńgòrò, ọmọ kan ń mì í lókè nílẹ̀. Nígbà tó mì í dé ìwọ̀n kan, ibì kan lára okùn ń fò, ibì kan dúró jẹ́ẹ́. Gbogbo wọn rí i. Ohun tí Hertz fi òrùka rẹ̀ wá nínú gbọ̀ngàn nìyẹn.

Èkejì, rédíò àtijọ́ tó ń gba ìgbì gígùn, pẹ̀lú ìṣáná gáàsì tó máa ń ta pàrà bí a bá tẹ̀ ẹ́. A yí rédíò sí ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, a wá tẹ ìṣáná náà lẹ́bàá rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí iná ta, rédíò náà ń ṣe «tà!». Kò sí wáyà láàrin wọn. Ọmọbìnrin kan fò dìde: «Monsieur, ìdí nìyẹn tí rédíò bàbá mi fi máa ń han bí mànàmáná bá kọ, kí àrá tó sán!» N kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó ti mọ̀ ọ́n nílé, kò kàn sẹ́ni tó bi í léèrè ní kíláàsì rí.

Ẹ̀kẹta, a gbé rédíò kékeré tó ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò alumíníọ̀mù, a dé e pa. Ohùn ilé-iṣẹ́ náà bàjẹ́, ó ku híhan. A gbé rédíò náà sínú ìkòkò amọ̀, a dé e, ohùn ń jáde. Irin dí ìgbì lọ́nà, amọ̀ jẹ́ kó kọjá, gẹ́gẹ́ bí ìlẹ̀kùn igi Hertz. Wọ́n jiyàn ní èdè wa fún wákàtí kan. Nígbà tí a wá kọ «onde électromagnétique» sójú pátákó, wọ́n kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ orúkọ ẹni tó mọ̀.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà ní Dassa láti san gbèsè èsì tí mo jẹ ẹ́. Mo ní: «O rí ìgbì odò. Bí ìgbì bá gùn, tó bá pàdé òkúta kékeré, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òkúta wà, á yí i ká, á kọjá. Bí ìgbì bá kúrú, tó bá pàdé àpáta ńlá, ẹ̀yìn àpáta náà á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbì FM kò gùn ju bíi mítà mẹ́ta lọ, òkè wa sì ga ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ìdí nìyẹn tí òkè fi ń dí i, bí ó ṣe ń dí oòrùn tí òjìji fi ń wà. Ìgbì rédíò àtijọ́ gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, òun àti òkè jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ó lè yí i ká. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, òkè òfuurufú á dá a padà sílẹ̀ bíi dígí, ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ń gbọ́ Ìbàdàn lóru tí kì í gbọ́ ọ lọ́sàn-án. Hertz tí o béèrè, èèyàn ni lóòótọ́, ìwọ lo gbà á. Ọmọ Jámánì ni. Òun náà máa ń fi wáyà ṣeré.»

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní: «Monsieur, ẹ̀ bá ti sọ báyìí nígbà yẹn.» N kò rí èsì fún un. Mo ní kó jọ̀wọ́ wá bá mi lọ́jọ́bọ̀ kan, kó wá tú rédíò níwájú kíláàsì mi, kí n dúró lẹ́yìn, kí n máa tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún wọn. Ó gbà. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kí olùkọ́ mú Faransé àti ìwé rẹ̀ wá, kí oníṣẹ́ ọwọ́ mú irin gbígbóná rẹ̀ wá, kí ọmọ mú ìbéèrè rẹ̀ wá ní èdè ilé rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí wáyà lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe kí ẹ tó gbà á. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ẹ jẹ́ ká fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kan sílẹ̀ fún ọwọ́ àti fún èdè wa. Ẹ̀yin tó wà ní òdìkejì ààlà tí ẹ ti ní ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká rí i. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pín wa, ìgbì kò mọ ààlà.

Tèmi nìyí. Kó má bàa di asọ̀rọ̀mágbèsì, mo ti dákẹ́, mo ń retí èsì yín. Kí ni ẹ̀yin ń pe «onde» ní ìlú tiyín?